Bí ọkọ̀ tí omi wọ̀ bá kú lójú ọ̀nà, tó sì kọ̀ láti jí: ohun tí ẹ lè yẹ̀ wò kí ẹ tó náwó



Níbi tí a ti ń pín oúnjẹ àti máàtì, ìbéèrè nípa ọkọ̀ ti pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Ẹni tó bá ti gba ìrẹsì tirẹ̀ tán á fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, á ní: "Ọkọ̀ wa tí omi wọ̀ ti gbẹ o. Ó ti ń rìn. Àfi bó ṣe kú lójijì lójú ọ̀nà lánàá, tí kò sì jí mọ́." Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí nínú ọ̀pọ̀ ilé. Ọkọ̀ yẹn ni táàsì tó ń ná ọ̀nà Ìjerò sí Adó. Òun ló ń kó iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti oko wá sí ọjà ní Àrámọkọ. Òun ni wọ́n fi ń gbé aboyún lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìdó lóru. Ilé tí omi ti gba ẹrù rẹ̀, bí ọkọ̀ bá tún kú, ọ̀nà oúnjẹ dí nìyẹn.

Ìmọ̀ nípa ìtọ́jú ará ìlú ni mo kọ́ ní yunifásítì, n kò kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì. Ohun tí mo kọ síhìn-ín ni ohun tí àwọn mẹkáníìkì àti àwọn riwáyà tó ń tún ọkọ̀ wa ṣe kọ́ mi, pẹ̀lú ohun tí àṣìṣe tiwa fúnra wa kọ́ wa. Ìdí tí mo fi kọ ọ́ ni pé kí ẹ mọ ohun tí ẹ lè fi ojú, etí àti imú yẹ̀ wò láìná kọ́bọ̀, kí ẹ má baà fi ìwọ̀nba owó tó kù lọ́wọ́ ra ohun tí kò bàjẹ́.

Owó tí àwa fúnra wa fi kọ́gbọ́n

Bọ́ọ̀sì tí a fi ń kó ẹrù ìrànlọ́wọ́ wà lára àwọn ọkọ̀ tí omi bá níbi tí wọ́n gbé wọn sí. Omi náà kò ga ju ìdajì táyà lọ. Nígbà tó fà, a fọ ọkọ̀ náà, a sá a sóòrùn, ó sì jí lẹ́ẹ̀kan náà. A dúpẹ́, a sì gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn náà, a ń kó máàtì lọ sí Ẹ̀fọ̀n. A ti kọjá oríta Ìtawúre, a ń gun òkè, ẹ́ńjìnnì bá kú bí ìgbà tí èèyàn pa iná.

Mẹkáníìkì tó kọ́kọ́ dé ibẹ̀ kò yẹ ohunkóhun wò. Ó ní pọ́ǹpù epo ni. A rà á. Ọkọ̀ jí, ó rìn fún ọjọ́ méjì, ó tún kú. Ẹnì kejì ní kọ́ìlì ni. A ra ìyẹn náà. Ó tún jí, ó tún kú. Ìgbà kẹta ni dírẹ́bà wa, tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ní kí a jẹ́ kí òun pe riwáyà kan tí òun mọ̀. Nígbà tí bàbá náà dé, kò fọwọ́ kan irin kankan fún bí ìdajì wákàtí. Ìbéèrè ló ń bi wá. Ṣé ẹ́ńjìnnì ti gbóná kó tó kú? Ṣé ó ń jà kó tó kú, àbí ó kú lẹ́ẹ̀kan náà? Iná wo ló tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù? Ó pẹ́ tó báwo kó tó jí? Ṣé omi ti wọ̀ ọ́ rí?

Nígbà tí a dáhùn èyí tó kẹ́yìn, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó fa orí wáyà kan yọ lára sẹ́ńsọ̀ tó wà ní ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Inú orí wáyà náà ti dípẹtà, ó ti di aláwọ̀ ewé. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ fọ̀ ọ́, ó gé ibi tí wáyà ti jẹrà kúrò, ó so ó pa dà. Láti ọjọ́ náà, bọ́ọ̀sì yìí kò tíì kú lójú ọ̀nà mọ́.

Kò sí ohun tó ṣe pọ́ǹpù àti kọ́ìlì tí a yọ dànù. Owó tí a fi ra tuntun, owó tó yẹ kó di ìrẹsì àti òróró ni. Mo ti jẹ́wọ́ rẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀ wa, mo sì ń jẹ́wọ́ rẹ̀ fún ẹ̀yin náà. Àwọn àgbà ní ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Àwa kò béèrè, a sì ra pọ́ǹpù.

Kí ló dé tí ọkọ̀ tó ti gbẹ fi ń kú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan?

Àgbàrá tó ń ti orí òkè ṣàn wálẹ̀ kì í ṣe omi mímọ́. Ó ń kó ẹrẹ̀, eérú, iyọ̀ àti ìdọ̀tí gọ́tà dání. Nígbà tí omi bá gbẹ, àwọn nǹkan wọ̀nyí yóò kù sínú ihò tí ojú kò tó. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n máa ń gbà dá wàhálà sílẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni orí wáyà. Ìpẹtà máa ń mú bàbà tó wà nínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó lè jẹ́ aláwọ̀ ewé tàbí funfun bí ìyẹ̀fun. Bí ọkọ̀ bá tutù tó sì dúró jẹ́ẹ́, iná ṣì ń kọjá. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, tí gegele ojú ọ̀nà sì ń mì í, iná á já, ọkọ̀ á kú.

Èkejì ni omi inú táǹkì. Omi wúwo ju epo bẹntiróòlù lọ, nítorí náà ìsàlẹ̀ táǹkì ló máa ń lọ jókòó sí. Ìsàlẹ̀ yẹn gan-an sì ni pọ́ǹpù ti ń fa epo. Bí epo bá pọ̀ nínú táǹkì, ẹ lè má mọ̀. Bí epo bá ti lọ sílẹ̀, tí ẹ wá ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n, omi á ya lọ sí ẹnu pọ́ǹpù, ẹ́ńjìnnì á jà díẹ̀, á sì kú.

Ẹ̀kẹta ni abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Wáyà púpọ̀ ló gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Nínú ọkọ̀ mìíràn, tòsí ibẹ̀ náà ni brain box wà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì. Òkè kápẹ́ẹ̀tì lè gbẹ pátápátá kí tìmùtìmù abẹ́ rẹ̀ ṣì máa sun omi. Ẹ ká a sókè, kí ẹ fọwọ́ tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò. Bó bá tutù tàbí tó ń rùn, ẹ yọ ọ́ síta pátápátá kó gbẹ. Ọkọ̀ tó gbẹ lójú lè má tíì gbẹ nínú.

Ní ìṣẹ́jú tí ọkọ̀ bá kú: ẹ̀mí ló ṣáájú

Bí ẹ́ńjìnnì bá kú nígbà tí ọkọ̀ ń rìn, nǹkan méjì yóò yí pa dà lẹ́ẹ̀kan náà: sitíárìn yóò le, bíréèkì náà yóò sì le. Wọn kò tíì bàjẹ́. Agbára ẹ́ńjìnnì tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ló ti lọ.

1. Ẹ má ṣe yí kọ́kọ́rọ́ pa dà sí ibi tí wọ́n ti ń yọ ọ́. Sitíárìn lè há mọ́ yín lọ́wọ́.
2. Ẹ tan iná ìkìlọ̀ tó ń ṣẹ́jú lọ́tùn-ún lósì.
3. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di sitíárìn mú, kí ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ẹ tẹ bíréèkì ṣinṣin lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ má ṣe máa tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tún máa tú u sílẹ̀. Ìwọ̀nba agbára tó kù nínú rẹ̀ máa ń tán kíákíá.
4. Bí ó bá jẹ́ orí òkè ni, ẹ fa bíréèkì ọwọ́, kí ẹ sì fi òkúta ńlá ti táyà lẹ́yìn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró sí ẹ̀yìn ọkọ̀ tó kú sórí òkè, ì báà jẹ́ láti tì í.
5. Ẹ gbé àmì C-caution sẹ́yìn ọkọ̀, níbi tí ẹni tó ń bọ̀ yóò ti rí i kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Bí kọ́nà bá wà lẹ́yìn yín, ẹ gbé e kọjá kọ́nà náà.
6. Ẹ sọ gbogbo èrò kalẹ̀, kí wọ́n jìnnà sí títì. Bí ewu bá wà, nọ́ńbà àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, ìyẹn FRSC, ni 122.

Ohun kan tún kù. Bí ọkọ̀ bá kú nínú àgbàrá tó ń ṣàn, ẹ jáde, kí ẹ sá lọ sí ibi tó ga, ẹ fi ọkọ̀ sílẹ̀. Omi tó ń sáré, bí kò tilẹ̀ ga ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ, lè gbé àgbàlagbà ṣubú. Bó bá tó sẹ̀ǹtímítà 30, ó lè gbé ọkọ̀ kékeré lọ.

Ìbéèrè àkọ́kọ́: ṣé ẹ́ńjìnnì ń yí?

Nígbà tí ẹ bá ti wà ní ibi tí kò séwu, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, kí ẹ fetí sílẹ̀. Ohun tí ẹ bá gbọ́ yóò pín ọ̀rọ̀ náà sí méjì. Bí ẹ bá gbọ́ ìró tí ẹ máa ń gbọ́ láràárọ̀ kí ọkọ̀ tó jí, ẹ́ńjìnnì ń yí nìyẹn. Bí ẹ kò bá gbọ́ ọ, kò yí.

Bí kò bá yí rárá

*Iná dáṣíbọ́ọ̀dù ṣókùnkùn, ẹ sì ń gbọ́ "ta-ta-ta".* Bátìrì ti rẹ̀, tàbí orí bátìrì ti dípẹtà tàbí kó ti tú. Ẹ kọ́kọ́ wo orí bátìrì méjèèjì, àti wáyà tó so bátìrì mọ́ ara ọkọ̀. Ẹ nù wọ́n, kí ẹ fún wọn le. Riwáyà lè fi mítà wọn bátìrì: èyí tó kún dáadáa máa ń fi nǹkan bíi 12.6 hàn, èyí tó bá sì wà lábẹ́ 12 kò lágbára mọ́. Bí ọkọ̀ bá ti jí, kí ó tún un wọ̀n. Ó yẹ kó gòkè sí àárín 13.5 sí 14.5. Bí kò bá gòkè, ọ́tánétọ̀ kò fún bátìrì lóúnjẹ. Bátìrì tuntun kò lè wo àrùn yẹn sàn, òun náà yóò kú kó tó pẹ́. Àmì mìíràn tí a fi ń mọ ọ́tánétọ̀ ni pé iná bátìrì tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, tí iná iwájú ọkọ̀ sì ń rẹ̀ sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó kú.

*Iná tàn dáadáa, ẹ gbọ́ "gbì!" lẹ́ẹ̀kan, ohun gbogbo sì dúró.* Bó bá jẹ́ pé inú omi tàbí kété lẹ́yìn omi ló kú, ẹ dáwọ́ dúró. Omi lè ti wọ inú sílíńdà. Atẹ́gùn ṣeé fún pọ̀, omi kò ṣeé fún. Bí ẹ bá fipá yí ẹ́ńjìnnì tí omi wà nínú rẹ̀, irin inú rẹ̀ lè tẹ̀ tàbí kó ṣẹ́. Iṣẹ́ kékeré á wá di ẹ́ńjìnnì tuntun. Kí mẹkáníìkì yọ gbogbo púlọ́ọ̀gì, kí ó fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì kí omi lè tú jáde. Ẹ má ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni tì í tàbí kó fà á láti fi jí i.

*Iná tàn, ẹ kò gbọ́ nǹkan kan.* Bó bá jẹ́ ọkọ̀ tí kì í lo kílọ́ọ̀ṣì, ẹ rí i pé jíà wà ní P tàbí N. Bó bá wà níbẹ̀, ẹ fura sí fíúùsì, wáyà sítátà àti sítátà fúnra rẹ̀, ní ìtẹ̀léra yìí.

Bí ó bá ń yí, ṣùgbọ́n tí kò jí

Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù ń fẹ́ nǹkan mẹ́ta: epo, iná àti atẹ́gùn. Ó sì ń fẹ́ kí wọ́n dé lákòókò tó yẹ. Ọ̀kan nínú wọn ló sọnù. Èyí wo?

*Epo.* Ẹ má ṣe gba géèjì gbọ́ tán. Ohun tó ń léfòó nínú táǹkì tó ń darí rẹ̀ lè há. Ẹ pa rédíò, ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ dé ibi tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù ti ń tàn, kí ẹ má tíì sítáàtì, kí ẹlòmíràn sì fi etí sí apá ẹ̀yìn ọkọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, pọ́ǹpù máa ń kùn bí oyin fún bí ìṣẹ́jú àáyá méjì. Bí kò bá kùn, fíúùsì ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà rilé, lẹ́yìn náà orí wáyà. Pọ́ǹpù fúnra rẹ̀ ló gbẹ̀yìn. Bó bá ń kùn tí ọkọ̀ kò sì jí, kí mẹkáníìkì gba epo díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ táǹkì tàbí láti ojú páìpù sínú ìgò funfun tó mọ́. Ẹ gbé e kalẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 15. Bí omi bá wà nínú rẹ̀, á jókòó sí ìsàlẹ̀, ẹ ó sì rí ilà láàárín òun àti epo. A jẹ́ pé ẹ fẹ́ kí wọ́n gbọn táǹkì gbẹ, kí wọ́n sì pààrọ̀ fíltà epo. Pọ́ǹpù tuntun kò tíì kàn yín. Ẹni tó ní ọ̀kadà tàbí ọkọ̀ àtijọ́ tó ń lo kábúrétọ̀ lè ní kí wọ́n tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ kábúrétọ̀, omi á jáde níbẹ̀.

*Iná.* Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbìyànjú ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, kí mẹkáníìkì yọ púlọ́ọ̀gì kan, kí ẹ̀yin náà wò ó. Bí ẹnu rẹ̀ bá tutù tó sì ń rùn fún epo, epo ń dé, iná ni kò dé. Bó bá gbẹ, epo ni kò dé. Ẹ tún wo abẹ́rẹ́ tó ń ka bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí, nígbà tí ẹnì kan bá ń sítáàtì. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, abẹ́rẹ́ yẹn máa ń mì díẹ̀. Bí kò bá mì rárá, ẹ jẹ́ kí riwáyà wo sẹ́ńsọ̀ tó ń ka yíyí ẹ́ńjìnnì, àti wáyà rẹ̀. Ohun tó pa bọ́ọ̀sì wa nìyẹn.

*Atẹ́gùn.* Ẹ ṣí àpótí fíltà atẹ́gùn. Èyí tí ẹrẹ̀ ti dí tàbí tó ṣì tutù kò ní jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì mí. Bí ẹ bá rí omi tàbí ẹrẹ̀ ní ìhà inú fíltà náà, omi lè ti dé inú ẹ́ńjìnnì. Ẹ má ṣe sítáàtì mọ́ kí mẹkáníìkì tó wò ó.

*Àkókò.* Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí wéréwéré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bí ẹni pé kò sí ẹrù lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀tì táìmìnì lè ti já. Nínú ẹ́ńjìnnì mìíràn, bí ẹ bá ń yí i lọ bẹ́ẹ̀, fáfù àti písítìnnì lè máa gbá ara wọn. Ẹ dúró.

*Iná tó ní àwòrán kọ́kọ́rọ́ tàbí kọ́kọ́rọ́ àgádágodo ń ṣẹ́jú.* Ọkọ̀ kò dá kọ́kọ́rọ́ yín mọ̀. Omi lè ti wọ orí kọ́kọ́rọ́ tí ẹ gbé sápò nígbà tí ẹ ń sá. Bí kejì rẹ̀ bá wà nílé, ẹ fi gbìyànjú.

Ohunkóhun tí ẹ bá rí, ẹ fa géèjì ọ́ìlì yọ, kí ẹ wò ó. Ọ́ìlì tó bá funfun bí tíì tí a bu mílíìkì sí, omi ti dà pọ̀ mọ́ ọn. Ọkọ̀ náà kò gbọdọ̀ tún rìn títí wọn yóò fi pààrọ̀ ọ́ìlì àti fíltà rẹ̀, tí wọn yóò sì mọ ibi tí omi gbà wọlé. Bí abẹ́rẹ́ ooru bá sì ti gòkè kó tó kú, ẹ má ṣe ṣí rádíétọ̀ nígbà tó gbóná. Ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá.

Bí ó bá tutù tán, tó tún jí

Èyí ló ń tan èèyàn jẹ jù. Ọkọ̀ kú, ẹ dúró fún ìdajì wákàtí, ó jí, ẹ sì rò pé ó ti tán. Kò tíì tán. Ohun kan wà tí ooru ń dá dúró: sẹ́ńsọ̀, kọ́ìlì, pọ́ǹpù epo, rilé, tàbí orí wáyà tó ti dípẹtà. Ẹ kọ iye ìṣẹ́jú tó rìn kó tó kú, àti iye tó fi sinmi kó tó jí. Bí ó bá jí kí mẹkáníìkì tó dé, ẹ sọ fún un kó jẹ́ kó gbóná títí yóò fi tún kú. Ìgbà tó bá kú yẹn ni kó yẹ epo àti iná wò. Kò sí bí èèyàn ṣe lè rí àìsàn tó ti sá pamọ́.

Títí wọn yóò fi rí ìdí rẹ̀, ẹ má ṣe fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kó èrò, ẹ má sì ṣe fi gun òkè Ẹ̀fọ̀n tàbí kí ẹ fi sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀. Mo mọ̀ pé owó ọjọ́ kan ṣe pàtàkì nísinsìnyí. Ọkọ̀ tó bá kú lórí ìdàgẹ̀rẹ̀ tí ọkọ̀ akẹ́rù sì wà lẹ́yìn rẹ̀ lè gba ohun tí owó ọdún kan kò lè rà pa dà.

Ẹ̀rọ síkánà kì í ṣe wòlíì

Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ní ihò kan lábẹ́ sitíárìn tí wọ́n ń ki síkánà bọ̀, ọ̀pọ̀ túkúnbọ̀ tó wà lọ́wọ́ wa sì jẹ́ irú wọn. Síkánà á fún yín ní nọ́ńbà. Fún àpẹẹrẹ, P0335 ń sọ pé ìròyìn láti ọ̀dọ̀ sẹ́ńsọ̀ tó ń ka yíyí ẹ́ńjìnnì kò lọ déédéé. Kò sọ pé sẹ́ńsọ̀ náà ti bàjẹ́. Ó lè jẹ́ wáyà, ó lè jẹ́ orí wáyà, ó lè jẹ́ sẹ́ńsọ̀. Nínú ọkọ̀ tí omi ti wọ̀, ẹ ní kí wọ́n yẹ wáyà wò kí wọ́n tó ra sẹ́ńsọ̀. Ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà náà sórí fóònù yín kí wọ́n tó pa á rẹ́.

Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe

- Ẹ má ṣe sítáàtì léraléra títí bátìrì yóò fi kú. Ẹ má jẹ́ kó ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì jẹ́ kó sinmi láàárín.
- Ẹ má ṣe fi ẹnu fa epo láti inú táǹkì.
- Ẹ má gbà kí wọ́n da epo sí ẹnu ẹ́ńjìnnì láti fi jí i. Iná ti jó ọ̀pọ̀ èèyàn báyìí.
- Ẹ má ṣe tan àbẹ́là tàbí ìṣáná sítòsí bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ṣí, ì báà jẹ́ òru. Tọ́ọ̀ṣì fóònù ni kí ẹ lò.
- Ẹ má ṣe fi wáyà lásán rọ́pò fíúùsì tó jó.
- Ẹ má gbà kí wọ́n yí nǹkan méjì pa dà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọkọ̀ bá jí, ẹ kò ní mọ èyí tó wò ó sàn.

Ìwé pélébé tí ẹ ó fún mẹkáníìkì

Kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni, ẹ kọ ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́jọ yìí sórí ìwé:

1. Ìgbà wo ni omi wọ ọkọ̀ náà, ó sì ga dé ibo: táyà, ilẹ̀ ọkọ̀, àga, tàbí dáṣíbọ́ọ̀dù?
2. Ìṣẹ́jú mélòó ló rìn kó tó kú?
3. Ṣé ó ń gun òkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, àbí ó dúró?
4. Ṣé ó jà kó tó kú, àbí ó kú lẹ́ẹ̀kan náà?
5. Iná wo ló tàn kó tó kú?
6. Báwo ni epo inú táǹkì ṣe pọ̀ tó?
7. Ṣé ó ń yí nísinsìnyí? Irú ìró wo ni?
8. Ṣé ó jí lẹ́yìn tó tutù? Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó?

Lẹ́yìn náà, ẹ bi mẹkáníìkì ní ìbéèrè kan: "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ rí tó fi yín hàn pé ohun yìí ló bàjẹ́?" Ẹni tó mọṣẹ́ kò ní bínú. Á fi hàn yín. Ẹ fọhùn iye owó iṣẹ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì gba ohun tó yọ pa dà. Bí ọkọ̀ bá tún kú pẹ̀lú tuntun nínú, ohun àtijọ́ yẹn lè ṣì wúlò.

Nípa owó

Ìwé ìbánigbófò tí ọ̀pọ̀ wa ń rà, èyí tí owó rẹ̀ kúrò ní 5,000 náírà tó di 15,000 náírà fún ọkọ̀ ara ẹni ní oṣù kìíní ọdún 2023, wà fún ohun tí ọkọ̀ wa bá ṣe fún ẹlòmíràn. Kò san owó ọkọ̀ wa tí omi bà jẹ́. Bó bá jẹ́ ìbánigbófò kíkún lẹ ní, ẹ wo ìwé yín bóyá ìkún omi wà nínú rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò ibi tí omi ga dé, kí ẹ sì fi tó ilé iṣẹ́ náà létí kí àtúnṣe tó bẹ̀rẹ̀.

Bí ó bá di pé ẹ fẹ́ ra òmíràn, ẹ ṣọ́ra kí ẹ má bọ́ lọ́wọ́ omi tiwa bọ́ sọ́wọ́ omi ẹlòmíràn. Nígbà tí ìjì Sandy jà ní Amẹ́ríkà ní oṣù kẹwàá ọdún 2012, ó lé ní 200,000 ọkọ̀ tí ó bà jẹ́. Irú ọkọ̀ tí omi ti wọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń bọ́ sí ọjà gbàǹjo, àwọn mìíràn sì máa ń di títà sí òkè òkun. Ẹ fa bẹ́líìtì àga jáde títí dé ìparí, kí ẹ wò ó bóyá ẹrẹ̀ wà lára rẹ̀. Ẹ wo ìpẹtà lára nọ́ọ̀tì ìdí àga. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Nọ́ńbà ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní VIN máa ń jẹ́ 17. Bí ẹ bá ní ọmọ tàbí ẹbí ní Amẹ́ríkà, ó lè bá yín fi yẹ ọkọ̀ náà wò lórí VINCheck ti National Insurance Crime Bureau. Ọ̀fẹ́ ni.

A kò lágbára láti tún ọkọ̀ gbogbo yín ṣe, n kò sì ní ṣèlérí ohun tí n kò ní. Ohun tí a lè ṣe ni kí a jókòó tì yín, kí a jọ ka ìwé pélébé yẹn kí ẹ tó náwó. Ẹ mú un wá sí tábìlì wa ní ọjọ́ tí a bá ń pín oúnjẹ. Dírẹ́bà wa yóò wà níbẹ̀, yóò sì bi yín ní irú ìbéèrè tí bàbá riwáyà yẹn bi wá. Ẹni tí kò lè kọ̀wé, ẹ wá sọ ọ́, a ó bá yín kọ ọ́.

Ẹ kú ìrọ́jú o. Ọ̀nà yóò là.